Agbo Ìràwọ̀ Tó Ń Kọjá Lókè Ìgánmú

 

Ìgánmú ní Èkó ni mo ń gbé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀. Iná National Theatre ń tàn, ilé ńlá tó dà bíi fìlà ṣọ́jà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976 nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí wọ́n sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti ọdún 2024. Iná ibùdó rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 náà ń tàn. Ti ilé iṣẹ́ ọtí ń bẹ níbẹ̀, ti pátákó ìpolówó tó ń ṣẹ́jú lápá Costain ń bẹ níbẹ̀, ká má tíì sọ ti mọ́tò orí afárá, ti ṣọ́ọ̀bù, àti gílóòbù ìta ilé oníkálukú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná lọ, kí ènìyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, gbogbo rẹ̀ ti tún mọ́lẹ̀. Bí mo bá gun orí dẹ́kì ilé wa lóru, ojú ọ̀run máa ń pọ́n rúsúrúsú bí ìgbà tí wọ́n ń jó igbó lókèèrè. Ìràwọ̀ tí mo lè kà níbẹ̀ kì í sábà pé ogún.

Síbẹ̀, ní ìparí oṣù Kọkànlá, bí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ohun kan máa ń wà lókè wa níbẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò fi Ìgánmú sílẹ̀ rí. Bó ṣe ń kọjá lókè Muṣin ló ń kọjá lókè Yábàá àti Sùúrùlérè. Èkó ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo dàgbà sí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo sì lò láyé kí n tó fojú ara mi rí i. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ òní, àti bí mo ṣe ń yà á lára báyìí pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ìkómọjáde.

Gálásì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi fẹ́ràn láti máa pè é ní agbo ìràwọ̀, nítorí pé bí agbo eré ló rí: ìràwọ̀ tí kò lóǹkà pé jọ, gbogbo wọn ń yí po ojú kan náà. Oòrùn tó ń ràn lé wa lórí yìí, ìràwọ̀ kan péré ni nínú agbo tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Agbo ńlá mìíràn tó sún mọ́ wa jù lọ ni Andromeda. Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn ìmọ́lẹ̀ wọn bó ṣe jìnnà tó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, bó bá gbéra níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ń lò kó tó kàn wá lára. Ìmọ́lẹ̀ Andromeda ti rin mílíọ̀nù ọdún méjì àti ààbọ̀. Nígbà tó gbéra, kò sí Ifẹ̀, kò sí Ọ̀yọ́, kò tíì sí ènìyàn kankan tó rí bí èmi àti ẹ̀yin lórí ilẹ̀ ayé. Ó rìn, ó rìn, ó dé òkè Ìgánmú, ó ku bíńtín kó wọ ojú wa, iná pátákó tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ wá bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń dùn mí. N kò lè fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Ní ọdún 964, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Al-Sufi, ará ilẹ̀ Páṣíà, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí ohun kan bíi kùùkuu kékeré níbẹ̀. Kò sí awò awọ̀nàjíjìn láyé nígbà náà. Ojú lásán ni, àti òkùnkùn tó péye.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ wọ̀ mí lára, mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm, irú èyí tí àwọn ayàwòrán òde ìnáwó ń lò. Mo gbé e gun orí dẹ́kì. Mo kọjú rẹ̀ sí àríwá, mo ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àwòrán tó jáde dà bí èèpo ọsàn. Mo ṣí i fún ogún, ó funfun báláú. Mo rò pé kámẹ́rà náà ló kéré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí awò ńlá ń lọ lọ́jà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó kò sí. Ǹ bá ra awò ńlá náà, ìmọ́lẹ̀ Èkó ni ì bá kó jọ fún mi, lọ́pọ̀ yanturu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná tí a kò fi nǹkan dé lórí, ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ sókè dípò kó wá sílẹ̀ fún ẹni tó ń rìn. Bó bá lọ sókè, yóò kọ lu eruku àti ooru omi inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó ọlọ́sà àti olókun yìí sì kún fún omi. Yóò tún padà wá bá wa láti òkè bí aṣọ títa. Òṣùpá lágbára ju aṣọ yẹn lọ, nítorí náà a ń rí i. Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, lágbára jù ú lọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ agbo ìràwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fọ́n ká bí ìyẹ̀fun lórí ẹní. Aṣọ náà nípọn jù ú lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí gíláàsì wà tí wọ́n ń fi bo ojú lẹ́ǹsì tó ń sé ìmọ́lẹ̀ ìlú. Ó wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún kùùkuu afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, nítorí pé àwọn yẹn ní àwọ̀ kan tàbí méjì péré tí wọ́n ń tàn. A lè dá àwọ̀ yẹn yọ kí a sì ti ìyókù dànù. Agbo ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo àwọ̀ yẹn náà ló sì pọ̀ nínú iná LED funfun tó gbòde báyìí. Ohun tó bá sé ọ̀kan yóò sé èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ya agbo ìràwọ̀ fi gbọ́dọ̀ dìde kúrò ní ìlú. Kò sí ọgbọ́n mìíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 2001, ará Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ nídìí wíwo ìràwọ̀, John Bortle, ṣe òṣùwọ̀n òkùnkùn kan láti 1 dé 9. Ní 1, òkùnkùn ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àárín Èkó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín 8 sí 9. Kì í sì í ṣe Èkó nìkan: máàpù ìmọ́lẹ̀ ayé tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ó lé ní ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta lágbàáyé tí kò lè rí Milky Way mọ́ láti ibi tó ń gbé.

Ẹ wá wo ohun tí a ní. Èkó wà ní ìwọ̀n dígírì 6 àti ààbọ̀ péré sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí ibi tí a wà yìí, a ń rí ọ̀run àríwá, a sì ń rí ọ̀run gúúsù. Ará London lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún, bí kò bá kúrò nílé, kò ní rí agbo ìràwọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní Kùùkuu Magellan láéláé, nítorí pé ayé fúnra rẹ̀ ló dí i lójú. Ará Cape Town a máa rí àwọn yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n Andromeda máa ń bá a ní ìsàlẹ̀ ọ̀run, níbi tí eruku pọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwa, Andromeda máa ń gòkè ju ìdajì ọ̀nà lọ láti ilẹ̀ dé àtàrí. Ní wákàtí kan náà gẹ́lẹ́, bí ẹ bá yí ẹ̀yìn padà kọjú sí gúúsù, agbo mìíràn tún wà ní irú gíga bẹ́ẹ̀, tí Caroline Herschel kọ́kọ́ rí ní ọdún 1783, NGC 253 lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹ bá tún wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, sún mọ́ òkun, Kùùkuu Magellan kékeré wà níbẹ̀. Agbo mẹ́ta lójú ìlà kan ṣoṣo, láti àríwá dé gúúsù, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìlú tó lówó jù wá lọ ni kò ní irú ìjókòó tí a jókòó sí yìí. Òkùnkùn nìkan ló kù, òkùnkùn yẹn kò sì ju ìrìn ọjọ́ kan lọ.

Láti wá a, agbègbè Òkè-Ògùn ni mo gbà lọ. Láti Èkó sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta a forí lé ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Àwa mẹ́ta ni. Abúlé kan tó jìnnà sí títì ni a dé sí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àlejò ni wọ́n gbà wá, wọn kò ní ká polongo wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a lọ kí Baálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Bí ayé ṣe rí lónìí, ẹni tó bá gbé ohun dúdú gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta sáàárín oko lóru, tí kò tan iná, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ẹ lọ rí Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ mọ̀, bí ibùdó ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn bá wà nítòsí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yan bàbá ọdẹ kan tì wá.

Òṣùpá kò sí lọ́run lálẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà tí òṣùpá kò bá sí ni kí ẹ máa lọ. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, a pa gbogbo iná. Ojú ènìyàn kì í mọ òkùnkùn lójú ẹsẹ̀. Ó ń fẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó là tán, bí ẹ bá sì tan fóònù wò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì wa: iná pupa kì í da ojú rú tó bẹ́ẹ̀. A jókòó, a dákẹ́. Ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Mo ti rí àwòrán ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí rí, mo rò pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pa á láró. Irọ́ ni mo ń rò. Ìràwọ̀ pọ̀ débi pé n kò lè dá èyí tí mo mọ̀ láti Ìgánmú yà sọ́tọ̀ mọ́. Ogún tí mo mọ̀ ti sọnù sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè rí Andromeda, nítorí kò le. Ẹ kọjú sí àríwá. Ẹ ó rí ìràwọ̀ márùn-ún tó tò bíi lẹ́tà M. Ẹ mú góńgó M yẹn tó wà lápá òsì. Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù kan jẹ́ nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá lójú ọ̀run. Láti orí góńgó òsì yẹn, ẹ wọn ìkúùkù kan àti ààbọ̀ lọ sókè tààrà. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ohun tó dà bí èéfín tó dúró lójú kan, òun nìyẹn.

Bàbá ọdẹ rí wa tí a ń na ìkúùkù sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo ń wọ̀n?"

Mo ní, "Ìràwọ̀ ni, Bàbá."

"Èwo nínú wọn?"

Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èyí tó dà bí èéfín yẹn? Mo ti ń rí i láti kékeré. Tí òjò bá ti lọ tán ló máa ń yọ dáadáa. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wá a."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, nínú òkùnkùn. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣàìrí, gbogbo ọdún ló ń rí i, láti ẹnu ọ̀nà abà rẹ̀. A máa ń sọ pé irú abúlé bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan, nítorí pé iná ìjọba kò dé ibẹ̀ déédéé. Ó yẹ kí iná dé ibẹ̀, n kò ní kó má dé. Ṣùgbọ́n òkùnkùn wọn yẹn, ọrọ̀ ni, bó bá sì ti bọ́, yóò ṣòro kó tó padà.

Ó wá ku yíyà. Ayé ń yí, nítorí náà ọ̀run ń sáré lójú kámẹ́rà: dígírì 15 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣí ojú kámẹ́rà pẹ́ jù, ìràwọ̀ yóò fà gùn bí ìlà. Àwọn ayàwòrán ìràwọ̀ ní ìṣirò kan: ẹ fi gígùn lẹ́ǹsì pín 500, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ lè lò nìyẹn, kí ẹ sì dín in kù bí inú kámẹ́rà yín bá jẹ́ irú kékeré tó wọ́pọ̀. Fún lẹ́ǹsì 50mm tèmi, ó bọ́ sí nǹkan bíi mẹ́fà. Márùn-ún ni mo ń lò. Kí ni ènìyàn lè rí nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún? Díẹ̀ báyìí. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyí.

Ẹ rántí àwọn ìyá aláró. Bí ìyá bá ki aṣọ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, tó sì fà á yọ, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Yóò fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, yóò tún kì í bọ̀ ọ́, yóò tún fẹ́ ẹ. Lórí ìkìbọ̀ kẹjọ, kẹsàn-án, ìgbà yẹn ni búlúù tó jinlẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ń ṣe. Mo ya ojú kan náà ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà lálẹ́ yẹn, márùn-ún márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n léra wọn, ìràwọ̀ lórí ìràwọ̀. Agbo náà wà ní ojú kan náà nínú gbogbo àwòrán, nítorí náà ó ń lágbára sí i. Àwọn èérí wínníwínní inú kámẹ́rà kò dúró lójú kan, nítorí náà wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Bí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún àwòrán léra, àwòrán náà á mọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ẹyọ kan lọ. Siril àti DeepSkyStacker ni orúkọ ohun èlò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Ooru ilẹ̀ wa jẹ́ ọ̀tá níbí. Bí kámẹ́rà bá ṣe ń gbóná sí i ni èérí yẹn ń pọ̀ sí i. A máa ń dé ojú lẹ́ǹsì pa, a ó sì ya ogún tàbí ọgbọ̀n àwòrán òkùnkùn lásán, ní iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ èérí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tí kì í kúrò lójú kan, kó sì yọ ọ́ kúrò. Ìrì náà tún wà. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, gbogbo àwòrán mi ṣàdédé di kùrukùru. Mo rò pé kùùkuu ló bo ọ̀run. Ìrì ló ti bo lẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi aṣọ wé ọrùn rẹ̀, mo sì máa ń fi rọ́bà omi gbígbóná kékeré kan ti aṣọ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ lo lẹ́ǹsì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ yóò nílò ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bá ọ̀run yí, tí kò ní jẹ́ kí ìràwọ̀ fà. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọ̀run ti ń yí po, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń pè ní Polaris. Ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù á sọ pé kí ẹ wo Polaris, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lọ́dọ̀ wa, Polaris kò ga tó ìkúùkù kan láti ilẹ̀! Igi, òkè, eruku, gbogbo wọn ló ń bò ó. Ìpín tiwa ni: ibi tí a wà tó jẹ́ ká rí ọ̀run méjèèjì náà ló rẹ Polaris sílẹ̀ báyìí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń lo atọ́ka àríwá inú fóònù, mo sì ń gbé ẹ̀rọ náà sókè ní dígírì mẹ́jọ fún agbègbè Ìsẹ́yìn, tàbí mẹ́fà àti ààbọ̀ fún Èkó. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ya àwòrán kan, mo ń wo apá ibi tí ìràwọ̀ ń fà sí, mo ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba sùúrù. Ó ń ṣeé ṣe.

Ìgbà wo ló dára jù? Lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó le. Ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá láti apá Chad, bí ó bá sì ti rọ́ dé, ọ̀run á funfun bí eérú. Àárín oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo fi ń ṣe tèmi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni, ẹni tó bá fi falẹ̀ á dúró di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé eré ọmọdé ni iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé ìràwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Isaac Roberts. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló fi là ní Liverpool. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1888, ó fi awò tirẹ̀ ya Andromeda sórí gíláàsì, ayé sì rí i nígbà àkọ́kọ́ pé kì í ṣe èéfín lásán, pé ó ní apá tó ń yí bí omi tó ń wọ ihò. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1923, Edwin Hubble ya ìràwọ̀ kan tó ń tàn tó ń ṣú nínú rẹ̀ ní Mount Wilson, ó fi wọn ọ̀nà, ó sì hàn pé Andromeda wà ní òde agbo tiwa pátápátá. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni gbogbo ènìyàn ti ń ya á láti ìgbà náà, ẹ ó rò pé kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòràwọ̀ kankan, Marcel Drechsler, Xavier Strottner àti Yann Sainty, fi awò kékeré ya á fún ọ̀pọ̀ òru, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kó jọ lé ní ọgọ́rùn-ún wákàtí, wọ́n sì rí afẹ́fẹ́ ńlá kan tó tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àwòrán wọn ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní ọdún 2023. Mo mọ̀ dájú pé ọmọ Ìgánmú lè ṣe irú rẹ̀. Sùúrù tí ọmọ Ìgánmú fi ń dúró de mọ́tò lójoojúmọ́ pọ̀ ju èyí tí iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ.

Ẹ̀yin tí Òkè-Ògùn jìnnà sí, òkun wà. Ní etíkun tó kọjá Àgbádárìgì, iwájú yín ní gúúsù, omi ni títí. Kò sí ìlú níbẹ̀ tó lè tan iná. Ní oṣù Kìn-ín-ní, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá Ìràwọ̀ Ọkọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń fi mọ ọ̀nà, tí òyìnbó ń pè ní Sirius. Kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó o lóru. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá gúúsù, ẹ ó rí Canopus, tó tẹ̀ lé e ní mímọ́lẹ̀. Ẹ tún sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ bí ìkúùkù méjì ó dín díẹ̀, ẹ yà sí ọ̀tún, Kùùkuu Magellan ńlá wà níbẹ̀, ìkúùkù kan àti ààbọ̀ lókè omi. Ní oṣù Kejì ọdún 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàmù nínú agbo yẹn, ojú lásán sì ń rí i láti ayé. Ian Shelton, tó ń fi awò kékeré kan ya á lórí òkè kan ní Chile, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i. Bí mo bá ti ronú kàn án, mo máa ń bi ara mi pé lálẹ́ àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, apẹja mélòó létí òkun wa ló gbójú sókè tó sì rí ìràwọ̀ àlejò náà, tí kò sí ẹni tó bi wọ́n?

Àwòrán ọ̀ọ́dúnrún yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tò ó lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé bátìrì ń tán, iná sì ń lọ. Nígbà tó jáde, Andromeda wà níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, àwọn agbo kékeré méjì tó ń bá a rìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò ní Muṣin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà wò ó, ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wà láàárín rẹ̀ o, ṣé kí n bá yín yọ ọ́?"

Mo ní kó má yọ ọ́. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún un. Àwọn oníbàárà mìíràn dúró, wọ́n ń retí káàdì ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa. Ìyá kan béèrè bóyá ó jìnnà ju London lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá ju iye tí mo san lọ. Nígbà tí mo ń jáde, ó sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà pé ìgbà wo ni mo tún ń lọ. Mo sọ fún un pé alẹ́ tí òṣùpá kò bá sí, nínú oṣù Kọkànlá.

Lọ́jọ́ náà, aago méjì ọ̀sán la ó gbéra láti abẹ́ afárá Costain. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú ẹ̀wù òtútù dání, kó sì fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti ilé.